Ilé tí Le Corbusier kọ́ fáwọn òbí ẹ̀ létí adágún omi: Bàbá ò gbé e ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ, ògiri là, páànù ni wọ́n fi bò ó lára

Tí ọmọ bá dàgbà tó sì rọ́wọ́ mú, ohun tí bàbá àti ìyá ẹ̀ máa ń retí ni pé kó kọ́lé fáwọn. Bó ṣe wà nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì wà láwọn ibòmíì. Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin kan báyìí tí wọ́n bí nílùú La Chaux-de-Fonds, lórílẹ̀-èdè Switzerland, yàtọ̀ pátápátá. Àwọn òbí ẹ̀ ló kọ́kọ́ kó owó tí wọ́n ti ń tọ́jú pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá síta, wọ́n ní kó báwọn fi kọ́lé, nígbà tó ṣáà jẹ́ pé iṣẹ́ ilé yíyà ló yàn láàyò. Ọmọ kọ́lé lóòótọ́, ilé ọ̀hún sì rẹwà bí egbin, ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́wàá táwọn òbí fi tà á, àdánù gidi ni wọ́n sì tà á sí.

Ọkùnrin ọ̀hún ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Le Corbusier. Títí dòní, bóyá ni ilé ìwé kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ayàwòrán ilé níṣẹ́ tí wọn kì í dárúkọ ẹ̀. Òun làwọn ará India gbé iṣẹ́ ìlú Chandigarh fún nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ lákọ̀tun láàárín ọdún 1950 sókè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fàwọn ilé ńláńlá sílẹ̀ ná. Ilé kékeré kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ilé tí gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 16, tí fífẹ̀ ẹ̀ ò sì ju mítà mẹ́rin lọ, èyí tó wà létí adágún omi Geneva, lábúlé Corseaux, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Vevey. Ilé yẹn lọmọ fi ní kóun tu àwọn òbí òun lójú lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ já wọn kulẹ̀. Ohun tójú ilé ọ̀hún rí lẹ́yìn tí wọ́n kó wọ ọ́ ló mú kí ìtàn ẹ̀ dùn ún gbọ́.

Charles-Édouard Jeanneret lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 1887 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ aago niṣẹ́ ìlú wọn, òun làwọn èèyàn fi ń jẹun níbẹ̀. Georges, bàbá ẹ̀, máa ń kun ojú aago, ìyẹn ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí. Marie, ìyá ẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù. Wọn ò tòṣì, wọn ò sì lówó rẹpẹtẹ, bí wọ́n bá rí owó, wọ́n máa ń ṣọ́ ọ ná ni. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Albert lẹ̀gbọ́n, Charles-Édouard làbúrò. Albert ló gba ti ìyá, orin lòun náà ń ṣe, fayolíìnì ló ń ta. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ayé Le Corbusier sì máa ń sọ ọ́ pé Albert yìí ni màmá wọn fẹ́ràn jù, pé gbogbo bí àbúrò ṣe ń sáré kiri ayé, tí orúkọ ẹ̀ ń ròkè, ojúure ìyá ẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ kejì nínú ilé tí wọ́n ti fẹ́ràn dáwódù jù á mọ bọ́rọ̀ náà ṣe máa ń rí lára.

Ọdún 1912 ni wọ́n parí ilé àkọ́kọ́. Lórí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí, funfun ló sì jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ilé Funfun. Ọmọ ọ̀hún ò tíì pé ẹni ọdún 25 nígbà tó yàwòrán ẹ̀, ilé tó máa kọ́kọ́ dá ṣe láìsí ọ̀gá kankan lórí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ jáde. Gbogbo ohun tó ti rí lóde ló fẹ́ kó sínú ilé bàbá ẹ̀. Ọgbà tó gbayì, gbọ̀ngàn tó fẹ̀, ọ̀dà oríṣiríṣi, gbogbo ẹ̀ ló kó síbẹ̀. Ilé tó yẹ tọkọtaya tó ti ń dàgbà kọ́ nìyẹn, ilé tó yẹ olówó ni. Owó tó gbà kọjá èyí tí wọ́n lérò, nígbà tí òtútù sì dé, owó tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná tún ń jẹ wọ́n lápò. Bàbá Georges tó jẹ́ pé èèyàn tó máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé ni wọ́n, inú ìwé wọn yẹn láwọn èèyàn ti wá mọ̀ pé wàhálà ilé náà kó ìrònú bá wọn.

Lọ́dún 1914, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ojú aago tí bàbá ń ṣe ò wá rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọdún 1917, ọmọ tó kọ́lé palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó kọjá sí Paris, ó ní ibẹ̀ loun ti máa wá iṣẹ́ ṣe. Bàbá àti ìyá nìkan ló kù sínú ilé gbàràmù-gbaramu. Ọdún 1919 ni wọ́n tà á. Iye tí wọ́n ná lé e lórí ò pa dà wọlé rárá. Bí àwọn tó ti di lańlọ́ọ̀dù ṣe pa dà di ayálégbé lójú ogbó wọn nìyẹn. Ká ní àjèjì ló ṣe irú ẹ̀ fún wọn ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, wọn ò já a jù sílẹ̀.

Ní Paris, ọmọ yí orúkọ pa dà lọ́dún 1920, ó ní Le Corbusier loun ń jẹ́. Ó di ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ nípa bó ṣe yẹ kílé rí, ó ń bá àwọn àgbà jiyàn, orúkọ ẹ̀ sì ti ń jáde. Òun àti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pierre Jeanneret ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1922. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n tà yẹn ò kúrò lọ́kàn ẹ̀. Ló bá jókòó, ó ya ilé tuntun kan fún bàbá àti ìyá ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jọ pé ọpọlọ ti wọlé: ilé kékeré, tí kò lókè, tí kò ní àtẹ̀gùn tí arúgbó á máa gùn kó tó dé yàrá ẹ̀, tí èèyàn méjì lè tọ́jú fúnra wọn láìgba ọmọ ọ̀dọ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kò tíì sí ilẹ̀ rárá nígbà tó ya pùláànù ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ilẹ̀ lèèyàn ń kọ́kọ́ rà kó tó pe ẹni tó máa ya ilé. Tiẹ̀ kọ́ nìyẹn. Le Corbusier kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ṣe loun ki pùláànù bọ àpò, tóun ń wọkọ̀ ojú irin láti Paris kọjá lágbègbè yẹn, tóun ń wo ibi tí ilẹ̀ tó máa gba ilé náà wà. Ohun tó ń wá ò ju mẹ́ta lọ: kí oòrùn máa wọlé láti apá gúúsù, kí adágún omi wà níwájú, kí òkè sì wà lọ́ọ̀ọ́kán lódì-kejì. Ó rí i lọ́dún 1923. Ilẹ̀ tóóró kan ni, ojú ọ̀nà àtijọ́ wà lẹ́yìn ẹ̀, omi wà níwájú ẹ̀, téèyàn bá gbójú sókè, àwọn òkè Alps tó wà lápá ilẹ̀ Faransé lèèyàn máa rí. Ó mú pùláànù jáde lápò, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, wọ́n bára mu rẹ́gírẹ́gí bí ọwọ́ ìbọ̀wọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1923, nígbà tí ọdún 1924 fi máa parí, bàbá àti ìyá ti kó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wọnú ilé ọ̀hún wò, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan wà. Mítà 16 ní gígùn, mítà mẹ́rin ní fífẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju mítà 64 níbùú lóòró. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ àwọn gbajúmọ̀ wa nìkan ló fẹ̀ jùyẹn lọ. Síbẹ̀, pálọ̀ wà níbẹ̀, yàrá wà níbẹ̀, balùwẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ibi táwọn èèyàn ń fọṣọ wà níbẹ̀, ibi tí àlejò máa sùn sí náà sì wà. Ọgbọ́n tó dá sí i ni pé kò sí ibì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Láàárín pálọ̀ àti yàrá àlejò, kò mọ ògiri síbẹ̀, pákó tó ṣeé ká ló fi dá a. Tí àlejò ò bá sí, wọ́n á ká a kúrò, pálọ̀ á gùn sí i. Tí àlejò bá dé, wọ́n á fà á pa dà, ó di yàrá nìyẹn. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù wà lára ògiri, wọn ò yọ síta débi tí wọ́n á máa gba àyè. Èèyàn lè rìn láti ẹnu ọ̀nà, kó gba pálọ̀, kó gba yàrá, kó gba balùwẹ̀, kó yọ sí ilé ìdáná, kó sì bá ara ẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, láìpa dà sẹ́yìn nígbà kankan. Fún ìyá àgbà tí orókún bá ń dùn, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Dùùrù màmá náà ráyè tiẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí dùùrù ṣe ń gba àyè tó á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré kéèyàn rí ibi fi í sí nínú ilé tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, kó má sì di ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n wíńdò ni bàbá ohun gbogbo nínú ilé yẹn. Wíńdò kan ṣoṣo ló wà níwájú ilé tó kọjú sómi, gígùn ẹ̀ sì tó bíi mítà 11. Ó bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀, ó gba yàrá kọjá, ó wọ balùwẹ̀. Téèyàn bá jókòó, omi ló ń rí. Tó bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, omi náà ni. Abẹ́ wíńdò yìí ni wọ́n gbé tábìlì sí, kí bàbá lè kọ̀wé wọn níbẹ̀ kójú wọn sì wà níta. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé kì í ṣe ògiri iwájú ló gbé dẹ́kìn òkè dúró, àwọn òpó tín-ín-rín ló gbé e.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo èèyàn ló gbà fún un o. Auguste Perret, ọ̀gá ayàwòrán ilé ní Paris, tó jẹ́ pé Le Corbusier ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, gbé ìjà ko ọmọọ̀ṣẹ́ ẹ̀ àtijọ́ lọ́dún 1923 lórí wíńdò tó ń sùn gbalaja yìí. Ní ti Perret, ènìyàn ló ń dúró lóòró, wíńdò náà gbọ́dọ̀ dúró lóòró bí ènìyàn ṣe dúró, kó lè fi ilẹ̀, omi àti sánmọ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Le Corbusier ní irọ́ ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé láti inú wíńdò tó gùn pọ̀ ju ti wíńdò tó ga lọ. Títí dòní làwọn olùkọ́ ń fi ìjà àwọn méjèèjì yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. 

Nínú ọgbà ìta ni ọkùnrin yìí ti wá ṣe ohun tó jọ ìwà wèrè. Èèyàn ra ilẹ̀ sétí omi, ìwo omi ni gbogbo èèyàn ń tìtorí ẹ̀ rà á. Òun wá mọ ògiri dí omi náà lápá ibi tí wọ́n ń jókòó sí nínú ọgbà! Àlàyé tó ṣe ni pé tí ohun tó dáa bá wà lójú èèyàn ní gbogbo ìgbà, kò ní pẹ́ tójú á fi sú u, kò sì ní rí i mọ́. Ló bá gbẹ́ ihò kan bíi wíńdò sára ògiri náà, ó fi kọnkéré ṣe tábìlì sábẹ́ ẹ̀, ó gbé àga tì í. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló máa rí adágún omi àti òkè, bíi fọ́tò tí wọ́n kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ o, àwọn tí wọ́n ti jókòó síbẹ̀ sọ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ajá àti ológbò pàápàá ní ìpín nínú pùláànù. Lápá ojú ọ̀nà, ó ṣe ihò kékeré kan síbi ògiri ọgbà, ó fi irin dí i, kí ajá lè máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, kó sì máa gbó wọn bó bá ṣe wù ú. Ní ti ológbò, ó ṣe pèpéle kan fún un sórí ògiri tó wà lápá omi, kóun náà máa jókòó wo adágún. Ẹni tó bá ronú débi ajá àti ológbò, ó dájú pé ó fẹ́ kí inú àwọn onílé dùn.

Ṣùgbọ́n ayé ò rí bí èèyàn ṣe ń yà á sórí ìwé. Lọ́dún 1926, bàbá Georges jáde láyé. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n gbé nínú ilé tí ọmọ kọ́ fún wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi háyà ilé lẹ́yìn tí wọ́n ta Ilé Funfun, gbogbo ìgbà tọ́mọ fi ń ki pùláànù bọ àpò kiri, títí tílé fi parí, gbogbo ẹ̀ wá já sí òtútù méjì péré. Ẹni ọdún 65 sí 66 ni màmá Marie nígbà náà, àwọn nìkan ló kù sínú ilé tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì.

Láìpẹ́ sígbà náà ni ilé fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Wọ́n ṣe yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan sílé náà, wọ́n sì dí i pa kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kò burú. Àmọ́ ẹ rántí pé etí adágún ni. Tí yìnyín bá yọ́ lórí àwọn òkè, omi adágún á kún, omi tó wà nínú ilẹ̀ náà á sì ròkè. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó ṣófo, tómi ò lè wọ̀, tómi sì yí ká, kí ló jọ? Ọkọ̀ ojú omi ni! Ó fẹ́ léfòó. Ó ń ti ilé sókè lápá kan, apá kejì tí kò ní yàrá lábẹ́ ò mira. Ló bá di pé ilé là. Le Corbusier ò fi bò rárá, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́lé sétí ọ̀sà l'Ékòó máa mọ̀ pé omi kì í bá ẹnì kankan ṣe ẹ̀fẹ̀.

Yàtọ̀ sí pé ilé là, ògiri ẹ̀ ò nípọn. Bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́, òtútù sì ń gba inú ẹ̀ kọjá wọlé fàlàlà, pàápàá lápá àríwá tí oòrùn kì í dé. Kí ni wọ́n máa ṣe sí i? Ṣé kí wọ́n wó ògiri ni? Owó dà? Nígbà tó di ọdún 1931, wọ́n ra páànù, wọ́n fi bo ara ilé lápá àríwá látòkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, páànù! Ilé tí ọmọ kọ́ funfun báláú, tí ìwé ìròyìn ń ya fọ́tò ẹ̀, ló di ohun tí wọ́n fi páànù wé bí ẹni wé ẹ̀kọ. Ní nǹkan bí ọdún 1950, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá gúúsù tó kọjú sómi. Alumíníọ̀mù ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yẹn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú. Ayàwòrán ilé mìíràn ì bá ti torí ìtìjú má gba ẹnikẹ́ni láyè láti débẹ̀ mọ́. Tiẹ̀ kọ́. Ó ní ilé náà ti wá dáa jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Orí òrùlé nìkan lọ̀rọ̀ ti gba ibi tó rò. Pẹrẹsẹ ló ṣe òrùlé náà, dẹ́kìn ni, ó wá da yẹ̀pẹ̀ lé e, ó jẹ́ kí koríko hù síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń mú, yẹ̀pẹ̀ àti koríko yẹn ni kì í jẹ́ kó ta dẹ́kìn débi táá fi máa fẹ̀, táá máa sún. Kò sẹ́ni tó ń gbin nǹkan síbẹ̀ ní pàtó, atẹ́gùn àti ẹyẹ ló ń gbé èso wá, òdòdó ń yọ lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Inú wọn ò dùn rárá. Ilé tó dà bí àpótí láàárín àwọn ilé tó ní òrùlé ṣóńṣó, lágbègbè tí wọ́n ti ń gbin àjàrà láti ayébáyé, wọ́n ní kí lèyí? Gẹ́gẹ́ bí Le Corbusier fúnra ẹ̀ ṣe ròyìn ẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan tó wà nítòsí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ọ̀ràn ni wọ́n fi irú ilé bẹ́ẹ̀ dá sí ohun tí Ọlọ́run dá, wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́ irú ẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ àwọn títí ayé.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ kí ilé rẹwà kó má sì rọrùn gbé yìí, àìsàn tó ń bá iṣẹ́ Le Corbusier jà ni. Ẹbí Savoye tó kọ́lé fún nílùú Poissy, ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 1931, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sí i ṣáá pé òjò ń rọ̀ sínú ilé, títí wọ́n fi halẹ̀ pé àwọn máa gbé e lọ sí kóòtù. Ogun àgbáyé kejì tó dé ni kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìyáàfin Savoye lè pe lọ́yà, ìyá ẹni ò lè pe lọ́yà. Ilé tó bá kọ́ fún ìyá ẹ̀ tí kò dáa, inú ẹ̀ ló máa sùn nígbà tó bá wá kí wọn, ìyá ẹ̀ náà ló máa gbé oúnjẹ ka iwájú ẹ̀ tí á máa wojú ẹ̀.

Màmá Marie ò sì kúrò níbẹ̀ o. Látìgbà tí ọkọ wọn ti kú lọ́dún 1926, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀, ó parí, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ọ̀nà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, tó jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń gbabẹ̀ tẹ́lẹ̀, di títì ńlá tí mọ́tò ń ṣán bí ìjì, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Albert tí wọ́n fẹ́ràn pa dà wá bá wọn gbé, ọmọ kejì ń kọ lẹ́tà sí wọn láti Paris, láti India, láti ibi gbogbo tí iṣẹ́ bá gbé e dé. Àwọn lẹ́tà náà pọ̀ débi pé wọ́n ti kó wọn jọ tẹ̀ jáde níwèé. Ọkùnrin tí ọba àti ààrẹ ń gbà lálejò, tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀, ọmọ kékeré tó fẹ́ kí wọ́n yin òun ni.

Nígbà tí màmá pé ẹni ọdún 91, ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1951, ọmọ yàwòrán wọn. Lọ́dún 1954, ó wá gbé ìwé kékeré kan jáde lórí ilé náà, Une petite maison ló pè é, ìyẹn ilé kékeré kan. Ìwé ọ̀hún ò fara jọ ìwé àwọn ayàwòrán ilé rárá. Fọ́tò ajá, fọ́tò ológbò, àwòrán tó fọwọ́ yà, ìtàn bí ilé ṣe là, ìtàn bí wọ́n ṣe fi páànù bò ó, gbogbo ẹ̀ ló kó síbẹ̀. Kò purọ́ pé ilé náà ò ní àléébù, bẹ́ẹ̀ ni kò tọrọ àforíjì.

Oṣù kejì, ọdún 1960, ni màmá Marie kú, oṣù díẹ̀ ló kù kí wọ́n pé ẹni 100 ọdún. Ọdún 35 ni wọ́n fi gbé nínú ilé tógiri ẹ̀ là náà. Nígbà tó di ọdún 1962, ìjọba ibẹ̀ kéde pé ilé náà ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wó, ojú Le Corbusier ló sì ṣe. Òun náà kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1965. Omi ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ nígbà tí ikú dé, nínú òkun Mẹditaréníà, ní Roquebrune-Cap-Martin. Albert ló kẹ́yìn wọn nínú ilé náà, ibẹ̀ ló ń gbé títí tó fi kú lọ́dún 1973. Àjọ tó ń bójú tó àwọn iṣẹ́ Le Corbusier ló ni ilé ọ̀hún báyìí.

Ní oṣù keje, ọdún 2016, àjọ UNESCO mú iṣẹ́ Le Corbusier 17 káàkiri orílẹ̀-èdè méje, wọ́n kó wọn sínú ìwé àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ilé àwọn Savoye tí òjò ń rọ̀ sí wà níbẹ̀. Ilé màmá náà wà níbẹ̀. Ilé Funfun tí wọ́n tà lọ́dún 1919 ni kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ti tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fáwọn tó bá fẹ́ wò ó láti ọdún 2005.

Àwọn èèyàn ń ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá sí Corseaux báyìí láti wo ilé mítà 16 yẹn. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì kọnkéré tó wà lábẹ́ ihò ògiri, wọ́n á ya fọ́tò adágún. Tí wọ́n bá yíjú pa dà wo ilé, páànù náà ṣì wà lára ẹ̀.